Mọ́ọ̀kì àti WAEC: Ìtàn Ìdánwò Ìgbáradì àti Ohun Tí Kò Lè Sọ Fún Wa

Nígbà tí àwọn alákòóso ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún yìí, mo mọ̀ pé ìtàn ìlú tàbí ìtàn oyè ni wọ́n ń retí. Àwọn tó mọ ìyẹn jù mí lọ wà láàrin wa. Ohun tí èmi fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ ni pépà kékeré kan tí àwọn ọmọ wa máa ń mú wálé láti ilé-ẹ̀kọ́ ní nǹkan bí oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ọdún, tí ara ilé kì í sì í balẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀: èsì ìdánwò mọ́ọ̀kì.

Ẹni tó bá ní ọmọ ní Abuja níbí mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ á wọlé, ìbáà jẹ́ ní Kubwa, ìbáà jẹ́ ní Nyanya, á fi pépà náà sórí tábìlì, á sì yọ́ lọ sí yàrá. Bàbá á gbé e wò: Ìṣirò, 38, Gẹ̀ẹ́sì, 44. Ìyá á ní, “Ṣé eléyìí náà la fẹ́ sanwó WAEC fún?” Nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ náà ju ti inú ilé lọ. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ wa, tí mo ti wà nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, máa ń san owó WAEC àti ti JAMB fún àwọn ọmọ tí owó náà kò sí lọ́wọ́ òbí wọn, máàkì mọ́ọ̀kì la sì fi ń yàn wọ́n. Ọmọ tó bá gba 50 sókè nínú iṣẹ́ márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà lára wọn, a óò sanwó tirẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á, a óò ní kó lọ múra sí i di ọdún tó ń bọ̀. Mo fọwọ́ sí ìlànà náà nígbà náà. Kí n má purọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa rẹ̀.

Ká tó ní WAEC, Cambridge la ní. Láyé àwọn bàbá wa, yunifásítì Cambridge nílùú Ọba ló ń ṣètò ìdánwò ìwé mẹ́wàá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa. Òkè òkun ni ìbéèrè ti ń wá, òkè òkun náà ni ìwé ìdáhùn ń padà sí nínú ọkọ̀ ojú omi, oṣù á sì gorí oṣù kí èsì tó dé. Olùkọ́ tó wà ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn kò mọ ẹni tí yóò máàkì ìwé ọmọ rẹ̀, kò sì rí i sójú rí. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, kí ni olùkọ́ lè ṣe ju kó gbé ìbéèrè ọdún àtijọ́ jáde, kó to àga jìnnà síra, kó gbé aago ka iwájú, kó sì ní kí àwọn ọmọ ṣe bí ẹni pé ọjọ́ ti pé? Ohun tí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí nìyẹn: àfarawé. Onílù máa ń dán ìlù wò kó tó gbé e dé ojú agbo. Kò sẹ́ni tó máa ń torí bí ìlù ṣe dún nílé ní kí onílù má lọ sí òde.

Ní ìparí ọdún 1949, wọ́n rán Dr. G. B. Jeffery, ọ̀gá àgbà ní Institute of Education ti yunifásítì London, wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wò ó bóyá ó yẹ ká ní àjọ ìdánwò tiwa. Ó kọ àbọ̀ rẹ̀ ní 1950, ó ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ní 1952 ni àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ìyẹn Nàìjíríà, Gold Coast tó di Ghana, Sierra Leone àti Gambia, dá WAEC sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Accra. Liberia dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1974. Díẹ̀díẹ̀ ni àjọ tuntun náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Cambridge. Àwọn tó ń máàkì wá di ará ilé, ṣùgbọ́n fún ọmọ tó jókòó sínú gbọ̀ngán, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀: ìbéèrè ṣì ń wá nínú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa, láti ọwọ́ àlejò.

Ohun tó yí mọ́ọ̀kì padà, lójú tèmi, ni èrò tó pọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alájàpá, gbogbo wọn wọlé. Àwọn ọmọ yẹn dàgbà, wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń dáwó láti kọ́ tirẹ̀. Níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti pọ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Èwo ló ṣe dáadáa jù ní WAEC? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá fi ọmọ 60 sílẹ̀ fún ìdánwò, tí 42 yege, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bó bá kọ́kọ́ fi mọ́ọ̀kì yọ ogún ọmọ kúrò, tí 36 nínú 40 tó kù sì yege, ó di ìdá 90. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ á ròkè, ẹgbẹ́ àwọn òbí á lọ kí ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó yege ti fi mẹ́fà dín. Lọ́nà yìí ni ìgbáradì fi di géètì.

Èmi náà gba ẹnu géètì yẹn kọjá. Ọdún 1976 ni mo ṣe WAEC, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí n kò ní dárúkọ. Oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, Ògùn, Òndó àti Ọ̀yọ́. Bí àwọn àgbà ṣe ń jiyàn lórí ẹni tó ni mọ́tò àti ẹni tó ni tábìlì, àwa ń ṣe mọ́ọ̀kì tiwa. Ọ̀gá wa ka èsì náà sókè níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Mo gbé ipò kọkànlá. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń sùn ní họ́sítẹ̀lì, ọmọ káfíńtà, wà lára àwọn mẹ́fà tó kẹ́yìn. Ọ̀gá ní àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ní forúkọ sílẹ̀, kí àwọn òbí wọn wá gba owó wọn padà.

Bàbá ọ̀rẹ́ mi wá, kò gba owó. Ó mú àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ wá, wọ́n bẹ̀bẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, àbúrò náà sì kọ ìwé àdéhùn pé bí ọmọ bá já, kí wọ́n má ka ẹ̀bi sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Ọ̀gá gbà. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí àtùpà kú fún oṣù mẹ́ta; èmi ni mo mọ̀, nítorí òórùn kẹrosíìnì kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí èsì dé, ó ṣe dáadáa jù mí lọ. Ẹni tó gbé ipò kejì ní mọ́ọ̀kì, ibà gbé e dè ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kò sì rí Kẹ́mísírì mú. Kí ni àwọn márùn-ún yòókù ìbá gbà? Kò sí ẹni tó lè dáhùn, nítorí wọn kò jókòó sí ìdánwò náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mọ́ọ̀kì ti sọ òtítọ́ nípa wọn, ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹ̀rí fún ló sọ.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá ti ń ṣìnà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan á sọ fún yín pé, “Ẹ wò ó, gbogbo àwọn tó yege ní mọ́ọ̀kì wa ló yege ní WAEC, ẹ ò rí i pé mọ́ọ̀kì wa kì í tàsé?” Òótọ́ ni ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ìdajì ọjà ló wò. Láti mọ̀ bóyá géètì ń yan ẹni tó tọ́, ó yẹ ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jẹ́ kó wọlé, ká sì mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó dá padà. Àwọn ìkejì yẹn kò ní nọ́ńbà ìdánwò, orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan, ẹnikẹ́ni kò sì lè kà wọ́n. Géètì tó bá ń lé ènìyàn padà kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀.

Mo ṣe HSC fún ọdún méjì, ní 1978 ni JAMB sì dé. Èmi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ tirẹ̀. Ọmọ kan lè mú ààyè ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọmọ méjì mìíràn sì pàdánù. Yunifásítì 13 ló wà nílẹ̀ nígbà tí ìjọba ológun dá JAMB sílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Michael Angulu sì ni akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn di méjì: WAEC tó ń fúnni ní kírẹ́dìtì márùn-ún, àti JAMB tó ń fúnni ní máàkì nínú 400. Ọmọ tó bá já ní ọ̀kan, èkejì kò wúlò fún un lọ́dún náà. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, tí àwọn tó kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ ṣe SSCE ní 1988, àwọn tó ṣètò rẹ̀ sọ pé àwọn fẹ́ kí máàkì ojoojúmọ́ láti inú kíláàsì ní iyì, kí ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo má máa pinnu gbogbo ayé ọmọ. Èrò tó dára ni. Mọ́ọ̀kì kò gbọ́. NECO tún dé ní 1999, mọ́ọ̀kì sì ń ṣe ìgbáradì fún méjèèjì.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ náà rí ohun tí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí. Ní apá Àríwá, ní Kano fún àpẹẹrẹ, wọ́n ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní qualifying: ọmọ tó bá yege ni ìjọba á sanwó ìdánwò fún, ẹni tí kò bá yege, kí bàbá rẹ̀ wá a. Èmi kò lè bú wọn. Ẹ̀ka ìṣúná ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún 35 tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, láti Èkó títí wọ́n fi kó wa wá sí Abuja ní ọdún tó tẹ̀ lé ìgbà tí ìjọba kó wá síbí ní oṣù kejìlá 1991. Mo mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí owó kéré kí ẹnu tó ń bèèrè pọ̀. Ẹni tó bá ń pín owó fẹ́ràn nọ́ńbà, nítorí nọ́ńbà kì í ní àbúrò, kì í ní ẹbí, wọn kò sì lè ní o ṣe ojúsàájú. Ìdí tí àwa náà fi mú 50 nìyẹn.

Ó dára, ǹjẹ́ mọ́ọ̀kì tilẹ̀ ń sọ nǹkan kan? Ó ń sọ ọ́. N kò fẹ́ kí ọmọ kankan ká ìwé yìí pọ̀ kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé Bàbá ní mọ́ọ̀kì kò wúlò. Ẹ lọ sí ilé ìkàwé fákọ́tì ẹ̀kọ́ ní yunifásítì wa èyíkéyìí, ẹ ó bá ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí àkòrí yìí, èyí tó ń fi máàkì mọ́ọ̀kì wé èsì WAEC. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń forí tì kò yàtọ̀ síra: lápapọ̀, àwọn tó ṣe dáadáa ní mọ́ọ̀kì ló máa ń ṣe dáadáa ní WAEC, ṣùgbọ́n agbára ìbátan náà yàtọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ àti láti iṣẹ́ dé iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń wọn ìbátan bẹ́ẹ̀, láti òdo tó jẹ́ pé kò sí ìbátan rárá, dé orí ọ̀kan tó jẹ́ pé wọn kò yàtọ̀. Ká ní ó jẹ́ 0.6, èyí tí inú ọ̀pọ̀ olùwádìí á dùn sí. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 0.36. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàrin èsì ọmọ kan àti èkejì, mọ́ọ̀kì lè ṣàlàyé ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 64 tó kù wà níbòmíràn: nínú oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, nínú irú ìbéèrè tó jáde, nínú ara líle, nínú iná tó wà tàbí tí kò sí.

Nítorí náà, bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá fi mọ́ọ̀kì sọ pé, “Kíláàsì yìí kò ní ṣe dáadáa nínú Ìṣirò,” ó ṣeé ṣe kó tọ̀nà. Bó bá na ìka sí ọmọ kan pé, “Ìwọ kò ní rí Ìṣirò mú,” ó ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Àgbẹ̀ tó rí òjò tó ṣú lè sọ pé òjò á rọ̀ lágbègbè yìí. Kò lè sọ òrùlé tí yóò jò.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń ba mọ́ọ̀kì jẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì parí iṣẹ́ ọdún náà nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n á sì bi ọmọ ní ohun tí wọn kò tíì kọ́ ọ. Èkejì, àwọn tíṣà kan máa ń fi owó máàkì há, wọ́n ní kí ẹ̀rù lè ba àwọn ọmọ. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fún ọmọ ní 40 dípò 55 kí ẹ̀rù lè bà á ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó lè ṣeé ṣe kó ràn án lọ́wọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn má wá mú 40 yẹn lọ síwájú ìgbìmọ̀ bí ẹni pé ìwọ̀n gidi ni. Ẹ̀kẹta ni pé 50 ti ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe kírẹ́dìtì ti WAEC. WAEC máa ń pe àwọn tó ń máàkì jọ kí ọwọ́ wọn lè dọ́gba, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó pinnu ibi tí C6 ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀dá tó lè dúró sínú kíláàsì ní oṣù kejì kó mọ ibi tí ààlà yẹn yóò wà. Ọmọ tó gba 48 àti ọmọ tó gba 52 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀, àmọ́ lábẹ́ ìlànà ẹgbẹ́ wa, ọ̀kan gba owó, ọ̀kan lọ sílé.

Èyí tó wá jinlẹ̀ jù ni ti ọ̀rẹ́ mi tó ń sun kẹrosíìnì. Mọ́ọ̀kì kò dà bí asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Òjò kì í gbọ́ ohun tí rédíò sọ kó wá yí ọkàn padà. Ọmọ ń gbọ́. Ọmọ tó rí 38 lè jí gìrì, òmíràn lè fọwọ́ lẹ́rán. Àǹfààní tó tóbi jù tí mọ́ọ̀kì lè ṣe ni kó jẹ́ kí ohun tó ń sọ má ṣẹ.

Àwọn ará Bwari, ìyẹn JAMB, fi hàn pé ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn kò tíì kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún apá kan àwọn olùdánwò ní 2013, ó di dandan fún gbogbo wọn ní 2015. Ní 2017, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, wọ́n dá mọ́ọ̀kì tiwọn sílẹ̀. Ẹni tó bá wù ló ń ṣe é, máàkì rẹ̀ kò sì ní ipa kankan lórí ìdánwò gidi. Wọ́n ní ó wà láti dán ẹ̀rọ àti àwọn ibùdó wò, kí ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí sì lè mọ bí eku inú rẹ̀ ṣe ń rìn. Síbẹ̀, àwọn òbí wà láàrin wa tí wọ́n á ní, “Ó gba 170 ní mọ́ọ̀kì JAMB, ẹ jẹ́ ká gbàgbé Mẹ́dísìnì.” JAMB gan-an kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò gidi fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan bí òkúta kìlómítà, tí a ó fi lè ní kí mọ́ọ̀kì fojú sùn ún. Ní 2005, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Chinwe Obaji jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, àwọn yunifásítì gba àṣẹ láti ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB, nítorí wọ́n ní máàkì JAMB tí àwọn ọmọ kan ń gbé wá kò bá ọpọlọ wọn mu. Mínísítà Adamu Adamu fòfin dè é ní 2016, ó tún padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ tún rántí 2025. Wọ́n gbé èsì JAMB jáde ní oṣù karùn-ún, nínú bíi mílíọ̀nù 1.9 ọmọ, ó ju mílíọ̀nù 1.5 lọ tí kò gba 200. Ariwo ta. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ṣẹlẹ̀ ní ibùdó 157 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn, Olóyèdé bọ́ sí iwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún un ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, WAEC kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kírẹ́dìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe lo àwọn ìbéèrè tí wọ́n tò lóríṣiríṣi, nọ́ńbà náà sì di 62.96. Mo kí àwọn àjọ méjèèjì pé wọ́n jẹ́wọ́. Nígbà tiwa, ta ni ì bá jẹ́wọ́? Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti sọ fún láàrin ọjọ́ mẹ́rin yẹn pé, “Mọ́ọ̀kì ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀.”

Kí àwọn tí ọmọ wọn wà nílùú Ọba má rò pé èyí kò kàn wọ́n. Níbẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ tíṣà ni ọmọ fi ń wá ààyè sí yunifásítì kó tó ṣe A-level rárá, mọ́ọ̀kì sì wà lára ohun tí tíṣà ń wò. Olùwádìí kan, Gill Wyness, yẹ̀ ẹ́ wò ní 2016, ó rí i pé ìdá 16 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ohun tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ fún wọn gẹ́lẹ́. Ìdá 75 ni wọ́n sọ tiwọn ju bó ṣe rí lọ. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020 tí kò sí ìdánwò, ìjọba ní kí kọ̀ǹpútà fi ìtàn èsì ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe àtúnṣe máàkì tí tíṣà fún ọmọ. Ní England, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì tó lọ sílẹ̀. Ọmọ tó mọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lórúkọ rí ara rẹ̀ tó ń san gbèsè àwọn tó ti jáde ṣáájú rẹ̀. Mínísítà tilẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ lè lo èsì mọ́ọ̀kì wọn láti pẹjọ́. Àwọn ọmọ bọ́ sí títì, nígbà tó sì di ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, ìjọba yí i padà, wọ́n fi tíṣà sílẹ̀ bó ṣe wí. Àwọn tó ní ẹ̀rọ àti ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn o. Àwa tí ìwé àkọsílẹ̀ olójú ewé ọgọ́rin la fi ń ṣe tiwa ńkọ́?

Mo ní ìwé yẹn lọ́wọ́. Ní 2022, ọmọ méjì wà nínú rẹ̀ tí mo fi gègé pupa kọ “kò tó” sí iwájú orúkọ wọn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọbìnrin láti Nyanya, ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà létí ọ̀nà. Ó gba 46 nínú Ìṣirò. Ìyá náà kó àjọ rẹ̀, ó sanwó náà fúnra rẹ̀, kò sì bá wa jà. Ọmọ náà gba kírẹ́dìtì mẹ́fà. Ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Karu ni mo ti gbọ́. Ìyá náà kí mi dáadáa, ó kúnlẹ̀ pàápàá, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbójú sí. Èkejì jẹ́ ọmọkùnrin, bàbá tirẹ̀ náà wá owó san. Kírẹ́dìtì mẹ́ta ló gbà. Nítorí náà, 50 wa tọ̀nà lórí ọ̀kan, ó ṣìnà lórí èkejì. Àwọn yòókù tí mo kọ “kò tó” sí, tí òbí wọn kò rí owó san, kò tíì sí èsì tí a lè fi dá ara wa lẹ́jọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé àbá kan síwájú ìgbìmọ̀, tí wọ́n yóò jíròrò lẹ́yìn ètò òní. Mo ní kí a má fi àpapọ̀ máàkì lé ọmọ mọ́. Ọmọ tó bá wà láàrin 35 sí 50, kí a sanwó fún un, kí a sì fi í sí lẹ́sìn Sátidé tí àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì nínú ẹgbẹ́ wa ti ní àwọn yóò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, lórí iṣẹ́ tí mọ́ọ̀kì fi hàn pé ó ti tàsé gan-an. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ 35, kí a pe òun àti òbí rẹ̀ jókòó ká tó sọ ohunkóhun. Owó á pọ̀ sí i, mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Akápò wa ti rí i, kò rẹ́rìn-ín.

Ohun kejì tí mo bèèrè kò ní owó nínú. Máàkì 45 láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ọwọ́ tíṣà rẹ̀ há lè ju 60 láti ibòmíràn lọ, kò sì sí bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n àfi ká gbé mọ́ọ̀kì àti WAEC ti ilé-ẹ̀kọ́ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ọdún mélòó kan. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti ṣe WAEC láti 2020 wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún wa ní ẹ̀dà pépà méjèèjì, ti mọ́ọ̀kì àti ti WAEC. Ẹ fi nǹkan bo orúkọ ọmọ bí ẹ bá fẹ́. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti máàkì la nílò. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ á wà nídìí tábìlì tó wà lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà títí di aago mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ mú èyí tí kò dára náà wá. Àwọn yẹn gan-an la kò ní.